Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Ojú Darí Atọ́ka Kọ̀ǹpútà: Àyẹ̀wò Láti Ọwọ́ Ẹni Tí Ó Ń Fi Í Ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ síkírìnì kọ̀ǹpútà, tí ó ń wo ẹyinjú ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀, tí ó sì ń fi ibi tí ẹni náà ń wò darí atọ́ka tí máòsì sábà máa ń darí. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí tí mo ń lò àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì tó ohun tí à ń torí rẹ̀ dárúkọ, nítorí náà n kò ní sọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó ni pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó lè tọ́ka sí ojú kan pàtó bí máòsì ti ń ṣe, àti pé ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ bá fi tì í lẹ́yìn ni yóò pinnu bóyá yóò wúlò fún yín tàbí yóò di ohun tí ẹ kàn fi ń ṣe àfihàn fún àlejò.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ń fi í ṣiṣẹ́ òòjọ́ mi. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi kò gbà kí n máa ti máòsì láti òwúrọ̀ di alẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìka mi ṣì lágbára láti tẹ kíbọọ̀dù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìdájọ́ mi, nítorí ẹni tí kò lè gbé ọwọ́ rárá yóò fẹ́ ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí tí mo fẹ́, n ó sì dé orí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níwájú.

Bí ọ̀pá náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn iná kéékèèké inú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ènìyàn kì í rí, sí ojú ẹni. Kámẹ́rà rẹ̀ á sì máa ya àwòrán bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń dán ní iwájú ẹyinjú àti ibi tí ọmọlójú wà. Bí ẹyinjú bá ti yí, àlàfo tí ó wà láàárín ọmọlójú àti ibi tí ó ń dán náà á yí padà, láti inú àyípadà yẹn ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò ibi tí à ń wò. Kí ìṣirò náà tó lè bá ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan mu, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdíwọ̀n: a óò fi ojú tẹ̀lé àwọn àmì róbótó, márùn-ún tàbí mẹ́sàn-án lọ́pọ̀ ìgbà, tí yóò máa yọ níbí lọ́hùn-ún lórí síkírìnì.

Níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àṣìṣe rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdajì dígírì sí dígírì 1. Lójú ẹni tí kò lò ó rí, nǹkan kékeré nìyẹn. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú gbọọrọ, kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè: ìbú àtàǹpàkò yẹn tó nǹkan bíi dígírì 2. Bí ẹ bá jókòó ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí síkírìnì, dígírì 1 yóò gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lórí rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ bíi píkísẹ̀lì 38 (píkísẹ̀lì ni ẹyọ àmì bíńtín tí a fi ń to àwòrán síkírìnì) lórí síkírìnì onínṣì 24 tí ó ní píkísẹ̀lì 1920 ní ìbú. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń fa ojú ìwé sókè sódò lórí Windows sábà máa ń fẹ̀ tó píkísẹ̀lì 17 péré, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ìwé tí à ń kọ kì í sì í sábà tó 10. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú gbé atọ́ka sáàárín lẹ́tà méjì ń wá ohun tí ẹ̀rọ náà kò ní.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ ga jù yóò wo èyí sàn pátápátá. Apá kan àṣìṣe náà kò wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ rárá, ara ojú fúnra rẹ̀ ni ó ti wá. Ibi tí ojú ti ń ríran kedere jù kò ju nǹkan bíi dígírì 1 sí 2 lọ, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí à ń wò bá sì ti bọ́ sáàárín ibẹ̀, ojú kò ní wàhálà láti tún un gbé sí àárín gbùngbùn. Ojú kì í sì í rọra rìn lórí ohun tí ó ń wò. Ṣe ni ó ń fò láti ibì kan sí òmíràn, yóò dúró fún bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 200 sí 300, yóò tún fò. Nígbà tí ó bá dúró pàápàá, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí kò ní àbùkù kankan, ohun tí kò dúró sójú kan ni yóò máa wọ̀n.

Àṣìṣe méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí ń polówó irú ẹ̀rọ yìí sì sábà máa ń pa wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Èkíní ni gbígbọ̀n: ẹ ń wo ojú kan, àmì tí ẹ̀rọ ń fi hàn ń jó yí ibẹ̀ ká. Èkejì ni yíyẹ̀: àmì náà dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ ń wò ni ó dúró sí. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ èyí tí ó ń yọ yín lẹ́nu rọrùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan láàárín ojú ìwé kí ẹ sì jẹ́ kí àmì hàn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síkírìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àmì bá ń jó káàkiri níbi gbogbo, gbígbọ̀n ni. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tí ó máa ń bọ́ sí òkè ohun tí ẹ ń wò nígbà gbogbo, yíyẹ̀ ni. Lórí èyí tí mo ń lò, àárín síkírìnì dára, igun òkè méjèèjì ni kò ṣeé fọkàn tán, ibẹ̀ gan-an sì ni bọ́tìnnì tí a fi ń pa fèrèsé ètò dé máa ń wà.

Gbígbọ̀n ní oògùn. Ètò lè kó ibi mẹ́wàá tí ojú wò kẹ́yìn pọ̀ kí ó sì mú àárín wọn, atọ́ka á sì fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn náà ní ìyọnu tirẹ̀, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ń ka ojú nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà mẹ́wàá yẹn ti gba ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá, atọ́ka á sì máa wọ́ tẹ̀lé ojú lẹ́yìn bí ẹni tí oorun ń kùn. Ní ọdún 2012, Géry Casiez, Nicolas Roussel àti Daniel Vogel gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n pè ní 1€ filter, èyí tí ó ń mú gbígbọ̀n rọlẹ̀ gidigidi nígbà tí atọ́ka bá ń rọra lọ, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń sáré. Ìwọ̀n méjì péré ni ó yẹ kí a tò nínú rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ètò tí ẹ fẹ́ lò bá ní irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dín gbígbọ̀n kù títí tí atọ́ka yóò fi dúró nígbà tí ojú bá dúró, kí ẹ tó wá fi kún ìyára rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é sódì, ẹ ó kàn máa yí ìwọ̀n méjèèjì kiri ni.

Yíyẹ̀ kò gbọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí a bá mú àárín ibi mẹ́wàá tí gbogbo wọn yẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀tún náà ni àárín wọn yóò wà. Ohun tí ó sì mú un burú ni ìwà ojú. Ẹ jẹ́ ká ní atọ́ka yẹ̀ sí ọ̀tún ohun tí mo ń wò ní ìwọ̀n ìbú ìka kan. Ojú mi á rí i pé nǹkan kan ń mì ní ẹ̀gbẹ́, á fò lọ wò ó; bí ó ti wò ó, atọ́ka á tún yẹ̀ sí ọ̀tún sí i; ojú á tún lé e, wọn ó sì máa lé ara wọn bẹ́ẹ̀ títí wọn ó fi dé etí síkírìnì. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́pọ̀ ìgbà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń dá ènìyàn lágara ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ. Nítorí náà, ètò tí kò bá jẹ́ kí a fi atọ́ka pamọ́ títí di ìgbà tí a bá fẹ́ tẹ nǹkan, lójú tèmi, kò tíì parí. Kí ohun tí a ń wò yí àwọ̀ padà díẹ̀ ti tó; atọ́ka tí ń rìn kiri níwájú ojú kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ìdí tí yíyẹ̀ fi ń wáyé pọ̀, ó sì lè yọjú láàárín iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí ó jókòó gbọọrọ nígbà tí ó ń ṣe ìdíwọ̀n, tí ó wá fẹ̀yìn ti àga lẹ́yìn wákàtí kan, ti yí ibi tí orí rẹ̀ wà padà. Gíláàsì ojú lè máa dán kí kámẹ́rà sì ṣì í mú fún ohun tí ó ń wá. Oòrùn tí ó wọlé láti ojú fèrèsé ní infrared tirẹ̀, tí ó lè bo ti ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Oorun á máa fa ìpéǹpéjú wálẹ̀ bo ọmọlójú. Gbogbo èyí ni mo fi ń sọ pé kí ẹ yan ètò tí ó fàyè gba àtúnṣe ojú kan: ẹ ó wo àmì kan ṣoṣo, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì kan, ètò á sì fa gbogbo ìṣirò rẹ̀ padà sí ibi tí ó yẹ, láìjẹ́ pé ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ìdíwọ̀n alámì mẹ́sàn-án láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò kan àṣìṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n tí ó ń sọ ọ́ di wàhálà. Àwọn àgbà ní ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Ojú ń lọ síbi tí nǹkan bá ti mì, tí ó bá ti tàn, tí orúkọ ẹni bá ti yọ, kì í sì í bi wá kí ó tó lọ. Bí ètò bá wá ka gbogbo ohun tí ojú bá wò sí àṣẹ, ìfìwéránṣẹ́ tí ẹ kò tíì kà á ti ṣí, èyí tí ẹ kò fẹ́ parẹ́ á ti parẹ́. Olùwádìí kan, Robert Jacob, ni ó sọ ìṣòro yìí di mímọ̀ ní ọdún 1990 pẹ̀lú orúkọ Midas, ọba inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì tí gbogbo ohun tí ó bá fọwọ́ kàn ń di wúrà, títí kan oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ètò ń gbà yẹra fún un ni kí a tẹjú mọ́ nǹkan fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó ka á sí títẹ̀. Bí ìgbà náà bá kúrú, ojú á tẹ ohun tí ó kàn ń kà. Bí ó bá gùn, iṣẹ́ á wọ́, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹni, nítorí pé kò sí ẹni tí ń tẹjú mọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ìka kan péré bá ṣì gbọ́ràn sí lẹ́nu kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yìí. Ẹ jẹ́ kí ojú wò, kí bọ́tìnnì kan lórí kíbọọ̀dù jẹ́ òun ni yóò máa pàṣẹ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ kan péré kí ẹ rí bí ètò rere ti ń ṣe é: pípa ojú ewé kan dé lára ọ̀pọ̀ tí mo ṣí sórí bùráósà. Àmì tí a fi ń pa á dé kéré, ó tó píkísẹ̀lì 16 ní ìbú, ojú ewé mìíràn sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Bí mo bá fi ojú lásán tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kí n ṣí ojú ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí n pa èyí tí mo ń kà dé. Pẹ̀lú ètò tí ń sọ nǹkan di ńlá, mo máa ń wo àmì náà, n ó tẹ bọ́tìnnì kan n kò sì ní gbé ìka kúrò lórí rẹ̀; àwòrán agbègbè ibi tí mo ń wò á yọ síta ní ìlọ́po márùn-ún, á sì dúró sójú kan. N ó tún wá àmì náà nínú àwòrán yìí, tí ó ti di píkísẹ̀lì 80 báyìí, n ó wò ó, n ó gbé ìka kúrò, ojú ewé náà á sì pa dé. Àṣìṣe ojú mi ṣì jẹ́ píkísẹ̀lì 38 tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti àárín àmì náà sí etí rẹ̀ ti di 40. Ẹ̀rọ kò di ọlọ́gbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ètò ni ó mú kí àṣìṣe rẹ̀ má já mọ́ nǹkan.

Ọ̀nà wo-tẹ̀-wo-fisílẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Manu Kumar, Andreas Paepcke àti Terry Winograd ṣe irú rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, wọ́n sì gbé e jáde ní 2007 pẹ̀lú orúkọ EyePoint. Lónìí, irú ìmúdiǹlá bẹ́ẹ̀ wà nínú OptiKey, ètò ọ̀fẹ́ fún Windows tí Julius Sweetland gbé kalẹ̀ ní 2015, tí ó sì ń bá oríṣiríṣi ọ̀pá ṣiṣẹ́. Ó tún wà nínú Talon, ètò mìíràn tí a lè lò lórí Windows, Mac àti Linux. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ṣáájú ohun gbogbo nínú ìmúdiǹlá ni bóyá àwòrán náà ń dúró. Mo ti lo ètò kan tí àwòrán rẹ̀ ń tẹ̀lé ojú lọ. Bí mo bá ti yíjú láti wá àmì, àmì náà á ti sá lọ, ọ̀rọ̀ lílé ara ẹni á tún bẹ̀rẹ̀. Àléébù tí kò ṣeé yẹ̀ ni pé ojú ń pàdánù ibi tí ó wà fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí àwòrán ńlá bá yọ, àti pé àkójọ àṣẹ tí ń yọ síta kí ó tó tún wọlé lè ti wọlé kí a tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ tí ó gba àfarabalẹ̀ ni èyí tí Shumin Zhai, Carlos Morimoto àti Steven Ihde ti ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1999, tí wọ́n pè ní MAGIC. Láti ìgbà tí Paul Fitts ti tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1954 ni a ti mọ̀ pé àkókò tí ó ń gbà láti dé ibi tí a ń tọ́ka sí ń pọ̀ sí i bí ibẹ̀ bá jìnnà àti bí ó bá kéré. Ojú lè pa ìrìn jíjìn rẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ti kíkéré. Ọwọ́ lè ṣe ti kíkéré, ìrìn jíjìn ni ó sì ń dá a lágara. Nítorí náà, kí ojú gbé atọ́ka fò dé agbègbè, kí ọwọ́ parí ìwọ̀nba tí ó kù. Àwọn tí wọ́n ṣe é gbé oríṣi méjì kalẹ̀: nínú ọ̀kan, atọ́ka ń bá ojú lọ síbi tuntun tí ó bá wò; nínú èkejì, kì í kúrò níbi tí ó wà àfi tí a bá fọwọ́ mì ín. Èkejì ni kí ẹ yàn. Nínú ti àkọ́kọ́, atọ́ka kì í sinmi, ìwé kíkà kò sì ní dùn.

Mo ń lo èyí pẹ̀lú máòsì oníbọ́ọ̀lù, irú èyí tí kì í kúrò lójú kan, tí à ń fi ìka yí bọ́ọ̀lù orí rẹ̀. Mo ń wo ibi tí mo fẹ́, bí mo bá ti fi ìka kan bọ́ọ̀lù, atọ́ka á ti dé ìtòsí, ìyípo kékeré kan á sì parí rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ mi kì í mì. Yíyẹ̀ tí mo ti ń ṣàròyé rẹ̀ láti òkè kò ní agbára mọ́ níbí, nítorí pé ọwọ́ ń tún un ṣe nígbà gbogbo láìjẹ́ pé mo ronú sí i. Bóyá atọ́ka balẹ̀ lọ́tùn-ún tàbí lósì, ìka á fà á wálé. Àní ọ̀pá tí kò dára rárá á ṣeé lò pẹ̀lú ètò yìí, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé kí ẹnikẹ́ni tí ó lè mì ìka kan máa náwó kún owó lórí ọ̀pá tí ó péye jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe èyí lè fi orí parí rẹ̀: Talon ní irú ìlò tí ojú ń gbé atọ́ka lọ jìnnà, tí mímì orí díẹ̀ sì ń gbé e dé ojú ibi pàtó, a sì lè fi ìró kékeré láti ẹnu pàṣẹ títẹ̀. Orí péye ju ojú lọ gan-an, ṣùgbọ́n ọrùn á rẹni bí a bá fi gbogbo iṣẹ́ lé e lórí.

Fún ẹni tí ojú nìkan ló kù fún, ọ̀rọ̀ yí padà. Windows ti ní Eye Control nínú láti ọdún 2017. Ìpè tí Steve Gleason, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin ti àwọn ará Amẹ́ríkà rí kí àìsàn ALS, èyí tí ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, tó mú un, ké sí àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft ní 2014 wà lára ohun tí ó bí i. Ẹni tí ń lò ó á kọ́kọ́ wo ibi tí ó fẹ́, ètò á gbé atọ́ka síbẹ̀, lẹ́yìn náà á fi ojú tẹ àwọn ọfà tí yóò máa sún atọ́ka díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé, kí ó tó yan irú títẹ̀ tí ó fẹ́. Ó lọ́ra, kò sì sí ẹni tí yóò fi tayọ̀tayọ̀ lò ó bí ó bá ní ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ó bá ìlànà tí mo ń sọ mu: kò gbára lé ìwò kan ṣoṣo.

Ti fóònù kò nílò ọ̀pá rárá. Láti iOS 18, ètò tí ń darí fóònù iPhone, tí ó jáde ní 2024, kámẹ́rà iwájú fóònù lè ṣe iṣẹ́ náà, lẹ́yìn tí a bá fi ojú tẹ̀lé àwọn àmì aláwọ̀ fún ìdíwọ̀n. A kò lè retí kí kámẹ́rà lásán péye bí ọ̀pá tí ó ní iná tirẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe é sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: atọ́ka lè lẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, àwọn lẹ́tà kíbọọ̀dù lè di ńlá nígbà tí a bá ń wò wọ́n, a sì lè tún ìdíwọ̀n ṣe nípa títẹjú mọ́ igun kan. Lílẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì yẹn wù mí púpọ̀. Kò sí ohun kan láàárín bọ́tìnnì méjì tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí atọ́ka fi gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀.

Ìwé kíkọ pẹ̀lú ojú tó àpilẹ̀kọ tirẹ̀, n kò sì ní fà á gùn. Lórí kíbọọ̀dù tí à ń fi ojú tẹ̀, ìgbà títẹjú ni ó ń pinnu ìyára: nínú ìwádìí tí Päivi Majaranta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Finland tẹ̀ jáde ní 2009, nígbà tí wọ́n fún àwọn òǹlò láyè láti máa dín ìgbà náà kù fúnra wọn, ó wálẹ̀ láti bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 876 sí 282, ìyára wọn sì gòkè láti bí ọ̀rọ̀ 7 sí bí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ẹ má ra ètò tí kò jẹ́ kí ẹ yí ìgbà náà padà. Dasher, ètò ìkọ̀wé tí David Ward àti David MacKay ṣe ní Cambridge, gba ọ̀nà mìíràn tí mo kà sí ọgbọ́n tòótọ́: àwọn lẹ́tà ń ṣàn wá láti ọ̀tún, èyí tí ó ṣeé ṣe kí ó tẹ̀lé ń gba àyè tí ó tóbi jù, ojú sì ń darí bí ẹni tí ń wa ọkọ̀. Bí a bá ṣìnà díẹ̀, a óò tún un ṣe bí a ti ń lọ. Àṣìṣe kò di lẹ́tà tí a gbọ́dọ̀ parẹ́.

Kí ẹ tó dá ẹ̀rọ yín lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun gbogbo lórí síkírìnì di ńlá ní ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì fẹ àkójọ àwọn bọ́tìnnì yín lójú. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì ṣiṣẹ́ fún mi ju ìdíwọ̀n mìíràn lọ. Àwọn tí ń ṣe ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ẹrù tiwọn: WCAG 2.2, ìlànà tí ó jáde ní 2023 kí àwọn aláàbọ̀ ara náà lè lo ojú òpó, béèrè pé kí ohun tí à ń tẹ̀ tó píkísẹ̀lì 24 ní ìbú àti ní gíga, tàbí kí àyè tí ó tó wà láàárín wọn, nígbà tí ìwọ̀n tí ó ga jù nínú ìlànà náà jẹ́ 44. Fún ojú tí ń ṣìnà tó 38, 24 kò tó rárá, 44 pàápàá kò tíì tó. Apple dámọ̀ràn kí àárín bọ́tìnnì kan jìnnà sí àárín èkejì tó 60 nínú ìwọ̀n tirẹ̀ fún Vision Pro, ẹ̀rọ tí a ń dè mọ́ ojú, tí a dìídì ṣe kí a máa fi wíwò darí rẹ̀. Àwọn tó kù lè kọ́ nǹkan lára ìyẹn.

Nípa rírà, ìdájọ́ mi ni pé kí ẹni tí ìka rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ra ọ̀pá tí kò wọ́n, kí ó fi owó tí ó kù ra máòsì oníbọ́ọ̀lù, kí ó sì lo ètò tí ojú ń fò tí ọwọ́ ń parí. Ẹni tí ojú nìkan ló kù fún nílò ọ̀pá tí ó gba kí orí mì láìpàdánù ìdíwọ̀n, ètò ìmúdiǹlá tí kò ń sá lọ, àti ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò bá a to ohun gbogbo ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ pé, tí kò dùn ún, tí ó kàn fẹ́ dán an wò, kí ó dán ti fóònù wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá ń lo gíláàsì ojú gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ọjà náà ṣeé dá padà, kí ó sì dán an wò pẹ̀lú gíláàsì gan-an tí ó ń lò níbi iṣẹ́, ní ìdojúkọ fèrèsé, ní ọ̀sán.

Àbùkù kan kù tí mo fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ṣe ọ̀pá tèmi bójú tó. Nígbàkígbà tí mo bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn tí ìka mi ti sún atọ́ka díẹ̀, kọ̀ǹpútà ti mọ ibi tí ojú mi kọ́kọ́ gbé e sí, ó sì ti mọ ibi tí mo ń fẹ́ ní tòótọ́. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni yíyẹ̀ náà gan-an, tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n fún un láìgba owó, ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ nǹkan. Ètò tí ó bá ọ̀pá náà wá kò fi í ṣe ohunkóhun. Ó dúró kí n ṣí àkójọ àṣẹ, kí n wá ibi tí a ti ń ṣe ìdíwọ̀n, kí n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo àmì mẹ́sàn-án.